Wáyà kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí TiVo mi dé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì

TiVo àkọ́kọ́ (ẹ̀rọ tó ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀), èyí tó jáde ní 1999, kò ní ojú ihò fún wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Orí tẹlifóònù ló ti ń gba àtẹ ètò tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ní etí kan tí èèyàn lè so nǹkan mọ́. Andrew Tridgell, ẹni tó kọ Samba (ètò tí Linux àti Windows fi ń pín fáìlì), ti gba ibẹ̀ so káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ọn. Èmi náà kan tèmi: káàdì NE2000 àtijọ́, chip 74LS245 méjì láàárín (ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé bit mẹ́jọ kọjá), àti àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fi léèdì jó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo tan án, driver (ètò tó ń darí káàdì) rí káàdì ní àdírẹ́sì 0x300, ó sì ka àdírẹ́sì MAC rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì, láìṣì lẹ́tà kan. Inú mi dùn gan-an. Mo wá ping rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà mi, ìyẹn ni pé mo fi páákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà kékeré) pè é bóyá yóò dáhùn. Kò dáhùn.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá àbùkù náà níbi tí kò sí. Mo pààrọ̀ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo yí IRQ (àmì tí káàdì fi ń pe kọ̀ǹpútà) padà, mo tún gbé káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan láti pa plug-and-play rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yan ètò fún káàdì. Àdírẹ́sì MAC yẹn ló ṣì mí lọ́nà. Mo gbà pé bó bá ti lè ka ìyẹn, kò sí àbùkù lára wáyà mi.

Ìgbà tí mo tan tcpdump, ètò tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, lórí kọ̀ǹpútà, tí mo ní kó fi gbogbo byte hàn mí, ni ojú mi là. TiVo ń sọ̀rọ̀! ARP rẹ̀ (páákẹ́ẹ̀tì tó fi ń béèrè MAC ẹlòmíràn) ń wọlé, ṣùgbọ́n dípò ff:ff:ff:ff:ff:ff, àdírẹ́sì tó túmọ̀ sí “gbogbo ayé” (ff ni 255 nínú ìṣirò hex), ff:f7:ff:f7:ff:f7 ni mo rí. 192.168.1.20 tí mo fún un ti di 192.160.1.20. Ẹ wò ó dáadáa: 8 ló dín nínú ff kó tó di f7, 8 náà ló dín nínú 168. Byte kejì nínú méjì-méjì ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí.

Bit 16 ni NE2000 máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan tó bá kan páákẹ́ẹ̀tì: byte àkọ́kọ́ ń gba wáyà dátà D0 sí D7, èkejì ń gba D8 sí D15. Bit tó dúró fún 8 nínú byte kejì, D11 ni. MAC ní tirẹ̀, bit mẹ́jọ-mẹ́jọ ni driver fi ń kà á, D0 sí D7 nìkan ló sì ń lò. Ìdajì wáyà mi kò tíì ṣiṣẹ́ kankan nígbà tí mo ti ń yọ̀! CRC, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá páákẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ lójú ọ̀nà, náà kò lè tú àṣírí, nítorí káàdì ló ń ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn tí páákẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ tán.

Mo yọ iná, mo dúró díẹ̀, torí pé páwà TiVo wà ní ìhòòhò nínú àpótí rẹ̀, ó sì léwu. Mo fi mítà kan D11 àti ground (wáyà òdo fóltì). Ó dún, ìyẹn ni pé àwọn méjèèjì so pọ̀. Lábẹ́ gíláàsì ni mo ti rí i: léèdì tín-ín-rín bí irun, láti ẹsẹ̀ 74LS245 kan bọ́ sórí ground. Chip yẹn ti ń gbóná látọjọ́ yìí, mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn ni.

Mo fi wáyà bàbà fa léèdì náà kúrò, mo sì fi mítà yẹ gbogbo D0 sí D15 wò. Kí n tó ping, mo kọ aa sínú gbogbo 16 KB orí káàdì, mo sì kà á padà. Ká ní D11 ṣì kú ni, a2 ni mi ò bá rí. Aa ló wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ping àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn dáhùn.