Bí a ṣe ń dán RAM kọ̀ǹpútà wò, títí kan ìgbà tó bá gbóná

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń ṣàdédé kú, tí ojú rẹ̀ ń di búlúù pẹ̀lú lẹ́tà funfun, tàbí tí fáìlì tó dára lánàá kọ̀ tí kò ṣí mọ́ lónìí, ẹ fura sí RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú dátà tó ń lò lọ́wọ́. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ni pé kì í sábà kú pátápátá. Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, kó wá máa ṣe àṣìṣe nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí a ṣe fún ẹ̀rọ tó tutù kò tíì tó.

Iná mànàmáná tín-ń-tín ni RAM fi ń tọ́jú dátà, iná náà sì máa ń jò. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa rọ ọ́ kún padà lemọ́lemọ́. Nínú DDR4, irú RAM kan tó wọ́pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni a ń kún láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 64. Ooru ń mú kó tètè jò, ìdí nìyẹn tí ìlànà fi sọ pé bó bá ti kọjá 85°C, kí a máa kún un ní ìlọ́po méjì. RAM tí a ti mú kó sáré ju ìlànà lọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣìṣe tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì pàtàkì sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ sì ṣí wọn lórí ẹ̀rọ mìíràn láti rí i pé wọ́n pé. RAM tó ní àbùkù lè ba fáìlì jẹ́ níbi tí ẹ ti ń dà á kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí.

Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ mdsched.exe, kí ẹ sì gbà kí ẹ̀rọ tàn padà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ F1, ẹ yan Extended, ẹ wá tẹ F10. Bí èyí bá rí àṣìṣe, ẹ gbà á gbọ́. Bí kò bá rí nǹkan kan, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀.

Ẹ lọ sórí Memtest86+, ètò tó ń dán RAM wò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé e sórí fláàṣì tí kò ní nǹkan tẹ́ ẹ nílò lórí, torí yóò nu gbogbo rẹ̀. Ẹ fi fláàṣì náà tan ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó kéré tán ìyípo mẹ́rin. Àṣìṣe ẹyọ kan ṣoṣo ti pọ̀ jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí nìyẹn, ṣùgbọ́n graphics card (ẹ̀yà tó ń ṣe àwòrán ojú ẹ̀rọ) kò ṣe iṣẹ́ kankan ní gbogbo òru yẹn, inú ẹ̀rọ sì tutù ju bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ lọ. Ẹ padà sí Windows, ẹ ṣí HWiNFO kí ẹ lè máa wo ìgbóná. DDR5, ìran RAM tó tẹ̀lé DDR4, ní ohun tó ń wọn ìgbóná nínú ara rẹ̀, DDR4 púpọ̀ kò ní. Ẹ tan Prime95, ètò tó ń fún ẹ̀rọ ní iṣẹ́ líle, ẹ yan Blend (àyẹ̀wò tó ń lo RAM púpọ̀), kí ẹ sì fi gẹ́ẹ̀mù tó wúwo lé e. Ẹ pa ìdérí ẹ̀rọ dé bó ṣe máa ń wà. Fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa ṣọ́ iye ìgbóná tó wà lójú HWiNFO nígbà tí àṣìṣe bá yọ.

Bí àṣìṣe bá wà, ẹ wọ BIOS (ojú ìwé ètò ẹ̀rọ tí a ń ṣí kó tó wọ Windows), kí ẹ pa XMP tàbí EXPO. Ìwọ̀nyí ló ń mú RAM sáré ju ìlànà lọ, wọ́n sì sábà máa ń gbé iná DDR4 láti 1.2V sí 1.35V. Bí àṣìṣe bá lọ, eré ló pọ̀ jù: ẹ dín in kù díẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ooru nìkan ló ti ń yọ, ẹ gbọn eruku, kí ẹ sì wo bóyá fáànù ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ RAM.

Bí kò bá lọ, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀, kí ẹ wá dán RAM wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ihò kan náà. Ẹyọ kan ló ń kùnà? Òun ni kí ẹ pààrọ̀. Bí gbogbo wọn bá kùnà níhò kan, tí wọ́n sì yege níhò mìíràn, motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, ni kí ẹ wò. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún àyẹ̀wò olóoru yẹn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.