Bí mo ṣe dá agbára padà sára alumíníọ̀mù tí mo jó pọ̀

Apá alumíníọ̀mù 6061-T6 (irú èyí tí wọ́n ti fi ooru mú le) tí mo jó mọ́ férémù kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú ìjó kò ya rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló rọ̀. Ooru ìjórin ti ba líle ibẹ̀ jẹ́.

Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi kí n tún un jó kí ó nípọn, àmọ́ ńṣe nìyẹn ì bá fi ooru kún ooru. Mo gé e kúrò, mo fi wáyà ìjórin 4643 jó òmíràn, torí wáyà 5356 tí mo lò tẹ́lẹ̀ kì í le bí a bá fi ooru tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ìjó. Mo gbé e sínú ààrò onímànàmáná, 530°C fún wákàtí 1, mo sì rì í sómi lójú ẹsẹ̀. Ẹ má lọ́ra níbí o! Ó wọ́ díẹ̀, mo tètè tọ́ ọ nígbà tó ṣì rọ̀. Lẹ́yìn náà, mo dá a padà sínú ààrò, 177°C fún wákàtí 8, kí ó lè le.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú díwọ̀n ooru: alumíníọ̀mù kì í pọ́n kí ó tó yọ́, 582°C sì ni 6061 ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Mo gbé ẹrù kan náà lé e. Kò tẹ̀.