Bí ẹ ṣe lè gba àwọn ọmọ-ọmọ lálejò wíkẹ́ńdì l'Abẹ́òkúta kí orúnkún yín má fẹjọ́ sùn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kó ọmọ-ọmọ wá bá láti Èkó, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń ṣe é, torí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, níṣe ni mo sùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti àárọ̀ dalẹ́. Sátidé kan ṣoṣo ni mo kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ Olúmọ, mo tún kó wọn gba ọjà àdìrẹ Ìtòkú, a tún yà níbi ìsọmọlórúkọ, kílẹ̀ tó ṣú èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ti bì sí mi lára, fíìmù tí mo ti ń ṣèlérí látàárọ̀, kò sẹ́ni tó wò ó. Òde kan lóòjọ́ ti tó.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti Fráídè. Tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá, reluwé Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 yẹn máa ń dúró ní Laderin, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wole Soyinka pè, àwọn ọmọ á ti gbádùn ara wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín rárá, ẹ̀yin náà ò sì ní máa gbọ́kàn sókè torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti ṣètò fíìmù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé dátà o! Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n wọn dáwùnlóòdù fíìmù méjì sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa kà á. Ẹ̀yin fúnra yín náà, ẹ ti wò ó tán tẹ́lẹ̀, torí àwọn fíìmù kan wà tó jẹ́ pé àárín ẹ̀ lẹ máa sáré fọwọ́ bo ojú ọmọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di aago mẹ́jọ kẹ́ ẹ ti kúrò nílé, torí tí oòrùn bá ti mú, òkúta yẹn á gbóná bí àwo àmàlà. Bàtà kàńbáàsì ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì, kẹ́ ẹ gbé omi dání. Orí Olúmọ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ, àtẹ̀gùn wà, lífíìtì náà wà, ṣùgbọ́n orúnkún yín ni kẹ́ ẹ fi ṣètò, kì í ṣe ariwo ọmọ. Èmi kì í dé òkè mọ́. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn méjì tó dàgbà tẹ̀ lé ẹni tó ń mú èèyàn yíká gòkè lọ, èmi àti àbíkẹ́yìn á jókòó síbi ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, lẹ́yìn tí wọ́n bá Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, dé ní nǹkan bí 1830. Ẹ fi àwọn ihò kéékèèké tó wà nílẹ̀ hàn wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ nǹkan ọbẹ̀. Tèmi ti ìka bọ ọ̀kan, ó wojú mi, ó ní, "Màmá àgbà, ibo ni wọ́n wá ń ki wáyà bílẹ́ńdà bọ̀?" Ẹ̀rín pa mí, mi ò lè dáhùn.

Ìtòkú ò jìnnà síbẹ̀, àdìrẹ á máa pè yín. Ẹ má yà! Ẹni tó bá fẹ́ ra àdìrẹ kó padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ lọ sílé, ẹ jẹ ìrẹsì ọ̀fàdà, kí gbogbo yín sùn, kódà èyí tó ní oorun ò kun òun.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìwẹ̀ ni kọ́kọ́, kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tó bá ti sùn sórí ẹní, ta ló fẹ́ gbé e? Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, ẹ gbé gùgúrú àti ẹ̀pà síwájú wọn, kẹ́ ẹ sì rí i pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, ìgbà tí itú bá wọra gan-an ni iná máa ń lọ. Fíìmù Yorùbá tó ní àkọlé Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ ló dáa fún ọmọ Èkó. Ti Tunde Kelani ni mo fẹ́ràn jù, torí mo lè sọ fún wọn pé ọmọ ọdún márùn-ún lòun náà nígbà tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àgbà l'Abẹ́òkúta níbí. Àbíkẹ́yìn mi dìde dúró, ó ní, "Bíi tèmi?" Àtìgbà náà ló ti ń jókòó sí iwájú. Ẹ máa dá fíìmù náà dúró tí òwe bá jáde, ṣùgbọ́n kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, tó bá pọ̀ jù wọ́n á gbé fóònù.

Sọ́ńdè ò ní wàhálà. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's l'Aké là ń lọ, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá fi ń yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, a ó wá fi fíìmù kejì di irun ọmọbìnrin kí àkókò reluwé tó tó. Fláàṣì yẹn, ẹ tètè yọ ọ́ kẹ́ ẹ fi pamọ́ o. Tèmi ti bá wọn dé Èkó lẹ́ẹ̀kan, inú ìbọ̀sẹ̀ kan ni ìyá wọn ti rí i.