Ẹ fún owó àjọ yín lórúkọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjà o. Ọ̀rọ̀ àjọ ojoojúmọ́ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tó ń dá 500 náírà lójúmọ́ á ní 15,000 lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Alájọ á yọ owó ọjọ́ kan, á ku 14,500. Owó gidi ni. Ṣùgbọ́n tí a kò bá mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe, aṣọ ẹbí á gbé e lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ó dùn mí gan-an. Nísinsìnyí, kí n tó dá owó àkọ́kọ́, mo máa ń kọ ohun tí mo fẹ́ fi owó náà rà sẹ́yìn káàdì àjọ mi: “máṣíìnì ìránṣọ”. Lọ́jọ́ tó bá ń ṣe mí bíi kí n má dá a, mo máa ń yí káàdì náà padà kà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀, kódà kó jẹ́ 200 náírà lẹ ń dá.