Ṣé omi ti wọ ọ́ìlì bíréèkì yín? Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nílé

Ojú lásán kò lè rí omi nínú ọ́ìlì bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yọjú wo ike ọ́ìlì, wọ́n á ní, "Màmá, ó ṣì mọ́ o, kò tíì dúdú." Èyí tó ṣì mọ́ yẹn lè ti fa omi mọ́ra. Èyí tó ti dúdú náà lè jẹ́ pé rọ́bà tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ló yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Àwọ̀ ń sọ nǹkan, àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń bi í ló ń dáhùn.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, lápá Baṣírì, ìyá mi sì wà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ gba Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọkọ lọ sọ́hùn-ún mọ̀ pé tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹsẹ̀ kì í fẹ́ kúrò lórí bíréèkì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ omi yìí ti ń di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ọ́ìlì tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ń lò, ìyẹn DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 (DOT ni orúkọ ìpele tí wọ́n ń kọ sára ìgò ọ́ìlì bíréèkì), máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ tí wọ́n gbàgbé láìdé nígbà òjò. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá bu omi sí i. Ọ̀rinrin ń gba ara rọ́bà tó gbé ọ́ìlì lọ sídìí táyà wọlé, ó ń gba ìdérí ike wọlé, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì ṣí ìdérí náà, ó tún rí àyè nìyẹn. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 205°C. Tí omi inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí ìdá 3.7 nínú 100, 140°C ni ìlànà béèrè pé kó lè fara dà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C nígbà tó bá wà ní tuntun, 155°C nígbà tó bá ti mu omi. Ẹ ò rí i pé omi díẹ̀ báyìí ti gbé ohun tó lé ní 60°C lọ.

Tí ọ́ìlì bá wá hó nínú kálípà, ìyẹn irin ìdí táyà tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ra, ó di afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì kì í ṣe é fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ń ṣe é fún. Ẹ ó tẹ pẹ́dà, yóò rì lọ sílẹ̀ gbuu, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Tí ó bá tutù tán, pẹ́dà á tún le padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń gbé e lọ sí ilé àdúrà dípò ilé mẹkáníìkì. (Àdúrà dára, mo ń gbà á. Àmọ́ ẹ yí ọ́ìlì náà.) Omi yìí kan náà ló tún ń mú kí irin inú kálípà, máàsì sílíńdà (ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì lọ) àti ẹ̀rọ ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há tí a bá tẹ bíréèkì) máa dípẹtà láti inú, owó àtúnṣe ìyẹn kì í sì í ṣe kékeré.

Ohun èlò ò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni bírò tí wọ́n fi ń dán ọ́ìlì bíréèkì wò. Ó rí bíi bírò lóòótọ́, irin tín-ín-rín méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀, gílóòbù kéékèèké wà lára rẹ̀, bátìrì bíi ti rìmóòtù ló sì ń lò. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ lè bá yín wá a, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá èyí tí ẹ ti lè yan DOT 3, DOT 4 tàbí DOT 5.1. Ẹ tún ra ọ́ìlì bíréèkì kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, síríńjì 10 ml àti ti 1 ml ní kẹ́míìsì, ìgò oògùn kéékèèké mẹ́ta tí ẹ fọ̀ tó gbẹ táútáú, aṣọ mímọ́ tí kì í tú òwú, ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan náà kó wà nítòsí, torí ọ́ìlì yìí ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Bí ó bá ta sí ara ọkọ̀, omi ni kí ẹ dà sí i kíá, ẹ má kàn nù ún.

Kí n tó gbé bírò náà dé ìdí ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń dán wò. Mi ò fi ẹ̀rọ ìwọnfúnpá tí mi ò mọ̀ bóyá ó ń purọ́ yẹ aláìsàn wò rí, mi ò ní torí pé ọkọ̀ ni kí n wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa 10 ml ọ́ìlì tuntun sínú ìgò kìíní, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fa 10 ml sínú ìkejì, kí ẹ fi síríńjì kékeré kán 0.1 ml omi sí i: ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 1 nínú 100. Ẹ fa 10 ml sínú ìkẹta, kí ẹ fi 0.4 ml omi sí i: ìyẹn ti sún mọ́ ìdá 4. Ẹ dé wọn, ẹ rọra yí wọn títí tí wọ́n á fi pò pọ̀. Ẹ wá wò wọ́n dáadáa nínú oòrùn. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀? Kò sí. Mo fi han mẹkáníìkì mi, ó gbé ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Látọjọ́ náà ni kò ti sọ fún mi mọ́ pé ó ṣì mọ́.

Ẹ yan irú DOT tó bá ọ́ìlì náà mu lórí bírò, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ìgò kìíní, ẹ tẹ ẹ, ẹ dúró kí gílóòbù fi ìdí kalẹ̀. Àwọ̀ ewé ló yẹ kó tàn. Ẹ nù ún dáadáa kí ẹ tó lọ sí ìkejì, kí ẹ sì tún nù ún kí ẹ tó lọ sí ìkẹta. Pupa ló yẹ kí ìkẹta tàn. Bí ìkẹta bá tan àwọ̀ ewé, irọ́ ni bírò yẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí ìkíní bá tan pupa, bátìrì lè ti lọ sílẹ̀, ẹ lè ti yan DOT tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kí ọ́ìlì tí wọ́n pè ní tuntun yẹn má jẹ́ ojúlówó.

Ìdí tí mo fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé bírò náà kì í wọn omi gan-an. Bí iná bátìrì ṣe ń rí ọ̀nà gba inú ọ́ìlì kọjá ló ń wọ̀n, ìyẹn ló fi ń méfò omi. Ọ́ìlì ilé iṣẹ́ kan sí èkejì yàtọ̀ díẹ̀ lórí èyí. Torí náà, tí ẹ bá mọ irú ọ́ìlì tó wà nínú ọkọ̀ yín, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi ṣe ìgò mẹ́ta yẹn. Ẹ̀rọ tó ń se ọ́ìlì gan-an láti mọ ibi tó ti ń hó sàn ju bírò lọ, àmọ́ ó wọ́n, nǹkan ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì ńlá ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ́ìlì bíréèkì ka orí gáàsì nínú ilé ìdáná láti fara wé e. Èéfín rẹ̀ ò dára, ó sì lè gbiná.

Ó wá kan ọkọ̀. Àárọ̀ ni mo máa ń ṣe é, kí n tó jáde lọ síbì kankan, níbi tó tẹ́jú, lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀. Ike náà máa ń wà lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, lẹ́bàá ògiri tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀. Ike funfun ni, ojú ń rí inú rẹ̀, MIN àti MAX wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ DOT tó ń lò sórí ìdérí rẹ̀. Ẹ má ṣì í mú fún ike ọ́ìlì sítíárín. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ nu ìdérí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku pupa wa ti bo gbogbo nǹkan. Eruku tó bá já sínú rẹ̀ á lọ bá rọ́bà máàsì sílíńdà. Ẹ ki bírò bọ̀ ọ́, ẹ kà á, ẹ dé e padà lójú ẹsẹ̀. Kò yẹ kó ṣí sílẹ̀ kí ẹ máa dáhùn fóònù.

Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ẹ dán an wò kí ẹ tó fi kún un. Ọ́ìlì tuntun tó wà lókè yóò mú kí bírò tan àwọ̀ ewé nígbà tí àtijọ́ tó ti mumi ṣì wà nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún wa ni wọ́n sì ń ṣe báyẹn fún. Ẹ tún bi ara yín pé kí ló mú un lọ sílẹ̀. Páàdì tó ti jẹ lè fà á. Bí kì í bá ṣe páàdì, ó ń jò níbì kan nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí bírò ò lè sọ fún yín. Ike òkè ló ń bá sọ̀rọ̀, ìdí táyà sì ni ooru wà. Ọ́ìlì tó wà nínú kálípà kì í fi bẹ́ẹ̀ pò mọ́ ti òkè, ó lè burú jù ú lọ. Bí bírò bá tan àwọ̀ òféfèé (yẹ́lò, tó wà láàárín àwọ̀ ewé àti pupa) nínú ike òkè, tí mo sì ń múra Ẹ̀fọ̀n, mo máa ń ní kí mẹkáníìkì gbà mí díẹ̀ láti ìdí táyà iwájú kan. Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó gbé e lé irin ìdúró, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ó ki rọ́bà funfun bọ orí nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́, ó sì ki ẹnu kejì bọ ìgò mi. Èmi á tẹ pẹ́dà, mo á dì í mú; òun á tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ọ́ìlì á jáde, á tún un dì kí n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kí ó tó dì í, afẹ́fẹ́ á wọlé, ìjàngbọ̀n dé nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Ẹ dán ohun tó wà nínú ìgò wò, kí ẹ sì fi ọ́ìlì tuntun kún ti inú ike òkè padà, kó wà láàárín MIN àti MAX. Ẹni tí kò bá ṣe irú èyí rí, kó má dá a ṣe.

Pépà kan tún wà tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń tì bọ ọ́ìlì tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Bàbà tó ti yòrò sínú ọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ irú pépà yìí ń wá. Ó wúlò láti mọ̀ bóyá ọ́ìlì ti gbó, àmọ́ kì í ṣe omi ló ń kà. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Pupa: mi ò wa ọkọ̀ náà gun òkè kankan, ọ́ìlì gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n yí. Òféfèé: kí oṣù yẹn tó parí. Àwọ̀ ewé, tó bá sì ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n yí i gbẹ̀yìn: mo ń yí i bákan náà, àyàfi tí ìwé ọkọ̀ bá dá àkókò mìíràn. Tí ẹ bá ra Tòkúńbọ̀ tí ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀, bírò tàn ni o, kò tàn ni o, ẹ yí i.

Yíyí rẹ̀ kì í ṣe kí wọ́n fa ti òkè jáde kí wọ́n da tuntun sí i. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n á ti tú u títí tuntun á fi jáde níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ABS kan sì wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n á fi ṣí ẹ̀rọ náà kí ti inú rẹ̀ tó jáde. Ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n já ọ̀rá ẹnu ìgò lójú yín. Ẹ má ra èyí tí wọ́n rọ sínú ike omi, iyekíye tí wọ́n bá pè é. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ọkọ̀ yín ni kí ẹ rà. DOT 5 kì í ṣe ẹ̀gbọ́n DOT 4, silicone ni, kò sì gbọdọ̀ pàdé àwọn yòókù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti sítíárín kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀ rárá, á mú gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú.

Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ìgò tí wọ́n ti ṣí, ẹ má tọ́jú rẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Ìgò kékeré ni kí ẹ máa rà. Àtijọ́ àti àwọn ìgò mẹ́ta tí ẹ fi dán bírò wò, májèlé ni: ẹ rọ wọ́n sínú ike kan tí kì í ṣe ti ohun mímu, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ti lè tó o títí ẹ ó fi fún mẹkáníìkì tó ń kó irú rẹ̀ jọ. Ẹ má dà á sí gọ́tà.