Òkè Kì Í Ṣe Dídí: Ilé Adìẹ Lásìkò Ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, tapólì á ti bo ilé adìẹ láti abẹ́ páànù délẹ̀. Ẹni tí kò bá rówó tapólì á rán àpò oúnjẹ adìẹ pọ̀. Lọ́yẹ́ tó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé adìẹ kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá ní ìdájí. Onílé ká igun tapólì, mo ki orí bọ inú rẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi. Òórùn bí ti ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni. Èérún pákó rin gbindin, abẹ́ páànù ń kán tó-tó, àwọn òròmọdìẹ sì kú yí ìkòkò èédú ká. Ó ní, "Ọ̀gá, òtútù ló pa wọ́n." Òtútù kọ́, èéfín tí kò rọ́nà jáde ni. Ìkòkò náà ṣì gbóná.

Ìsàlẹ̀ la ń dí. Ibi tí adìẹ dùbúlẹ̀ sí ni kí atẹ́gùn má ti lù ú. Òkè ni ooru ìdọ̀tí àti èéfín èédú ń gbà jáde. Nítorí náà, orí ògiri kékeré ni kí ẹ kan ìdí tapólì mọ́, kí ẹ máa fi okùn fà á sókè. Kí ó ku ẹsẹ̀ bàtà 1, ó kéré tán, lábẹ́ òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tọ̀sán tòru. Àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ẹ lè fa ti ibẹ̀ ga títí yóò fi ku ẹsẹ̀ 1 yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fi ẹsẹ̀ 2 sílẹ̀. Tí oòrùn bá ti ràn, ní nǹkan bí aago 9, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ títí di aago 6 ìrọ̀lẹ́, àfi tí òròmọdìẹ kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 2. Adìẹ tó ti ń yé ní ìyẹ́ lára. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá nìkan ni kí ẹ bò fún un.

Àwọn kan ní olè làwọn ń tìtorí rẹ̀ bò ó. Ṣé tapólì ló ń dá olè dúró?

Òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ń fẹ́ dígírì 32 sí 35. Ẹ máa dín 3 kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ṣù jọ, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá ń sá fún iná, tí wọ́n ń la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Ìta ni kí èédú ti jó pọ́n kí ó tó wọlé, ṣùgbọ́n pípọ́n tó pọ́n kò ní kó má pa nǹkan nínú ilé tó dí. A kì í rí ohun tó ń pani nínú èédú.

Kí èérún pákó ga tó íǹṣì 3. Ẹ máa yí i lọ́jọ́ méjì-méjì, kí ẹ sì kó èyí tó tutù lẹ́bàá ìmumi lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó rówó ra èédú kò lè ní òun kò rówó èérún pákó.

Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, ẹ wọlé, kí ẹ lóṣòó kí imú yín bá orí adìẹ dọ́gba, kí ẹ ka oókan dé ogún. Bí ojú bá ta yín, àlàfo òkè kò tó. Ẹ fi ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà kún un kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.