Mo ti yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé Wi-Fi padà, ẹni tí n kò mọ̀ ṣì ń wọlé

Ìbéèrè: Dátà wa ń tètè tán. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ń bá wa lo Wi-Fi?

Ẹ so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín mọ́ Wi-Fi náà, ẹ ṣí búráúsà, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi náà) sí i. Lórí ọ̀pọ̀ ráútà, 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1 ni. Bí kì í bá ṣe ọ̀kankan nínú wọn, ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà. Lórí ojú ìwé tó bá ṣí, ẹ wá ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí Wi-Fi sí.

Ẹ má tíì pariwo olè o. Tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbogbo wọn ló máa ń jẹ́ orúkọ tí èèyàn ò lè dá mọ̀. Ti fóònù tún wá le jù: láti ìgbà Android 10 àti iOS 14, fóònù lè gbé nọ́ńbà MAC (nọ́ńbà tí ráútà fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) tó hùmọ̀ fúnra rẹ̀ jáde dípò èyí tí wọ́n ṣe mọ́ ọn. Fóònù ọwọ́ yín gan-an lè dà bí àjèjì. Ẹ máa pa Wi-Fi lórí àwọn ẹ̀rọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo èyí tó ń kúrò lójú ìwé náà. Ẹ fún un láyè díẹ̀, torí àwọn ráútà kan kì í tètè yọ orúkọ ẹni tó ti lọ. Èyí tí kò bá kúrò nígbà tí tiyín ti kúrò tán ni ká fura sí.

Ìbéèrè: Mo yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé padà lánàá. Lónìí, ẹni náà tún ti wà níbẹ̀. Ibo ló gbà wọlé?

WPS ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Òun ni wọ́n ṣe kí èèyàn lè wọlé láìtẹ ọ̀rọ̀ gígùn: bọ́tìnì kan, tàbí PIN oní-òǹkà 8. Lọ́dún 2011 ni àṣírí PIN yẹn tú. Ráútà máa ń jẹ́wọ́ bí òǹkà 4 àkọ́kọ́ bá tọ̀nà kó tó kan ìyókù, òǹkà ìkẹyìn sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣírò láti ara 7 tó ṣáájú rẹ̀. Dípò mílíọ̀nù 100, ìgbìdánwò 11,000 ti tó fún ẹni tó bá ní sùúrù. Èyí tó burú jù ni pé PIN kì í yí nígbà tí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n, ráútà fúnra rẹ̀ ló máa fi ọ̀rọ̀ tuntun lé e lọ́wọ́. Ẹ pa WPS pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé méjì ló wà lára ráútà: ti Wi-Fi, àti ti ojú ìwé tí a fi ń ṣàkóso rẹ̀. Èyí kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi sílẹ̀ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, “admin” lásán. Nígbà tí ẹni yẹn ṣì wà lórí Wi-Fi yín, ó lè ti wọ ibẹ̀, kó ṣí ìṣàkóso láti òde sílẹ̀, tàbí kó dá Wi-Fi àlejò sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹ wo méjèèjì.

Ó tún ṣeé ṣe kí ẹ yí ọ̀rọ̀ ti 5 GHz, kí ti 2.4 GHz, ìyẹn ìgbì kejì tí ráútà fi ń gbé Wi-Fi jáde, ṣì wà bó ṣe wà. Tàbí kó jẹ́ pé ará ilé kan ló fi QR (àwòrán tí a ń fi kámẹ́rà yà láti wọlé) orí fóònù rẹ̀ han ọ̀rẹ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ojú ìwé ìṣàkóso ni kí ẹ kọ́kọ́ yí. Ẹ wá pa WPS àti ìṣàkóso láti òde. Ọ̀rọ̀ Wi-Fi ló máa kẹ́yìn.

Ìbéèrè: WEP, WPA2, WPA3: èwo ni kí n mú?

Ọ̀nà ààbò Wi-Fi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ mú WPA3, tó jáde lọ́dún 2018, bí àwọn ẹ̀rọ yín bá gbà á. Bí wọn ò bá gbà á, WPA2 pẹ̀lú AES (ọ̀nà tó fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́). WEP ti bàjẹ́ láti 2001, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Lórí WPA2, ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí lè gba ohun tí fóònù àti ráútà ń bá ara wọn sọ nígbà tí fóònù ń wọlé, kó gbé e lọ sílé, kó máa dán ọ̀rọ̀ wò lórí rẹ̀ láìsí ẹni tó máa dá a dúró. Gígùn ló ń gbà yín níbẹ̀. Lẹ́tà 8 sí 63 ni wọ́n gbà láàyè. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan dára ju orúkọ ọmọ àti ọdún ìbí rẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sórí tàbí sábẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ráútà kò gba ẹ, ọ àti ṣ.

Ẹ tún máa gba àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́. Àléébù KRACK tí Mathy Vanhoef, olùṣèwádìí nípa ààbò kọ̀ǹpútà, tú síta lọ́dún 2017 wà nínú WPA2 fúnra rẹ̀; bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé gùn tó, kò lè dí i.

Ìbéèrè: Tí mo bá fi orúkọ Wi-Fi pamọ́ ńkọ́?

Kò ràn yín lọ́wọ́. Fóònù yín á máa pe orúkọ náà kiri. Yíyan nọ́ńbà MAC tó lè wọlé kò sàn jù ú lọ, nítorí gbangba ni nọ́ńbà náà ń gbà kọjá, ẹni tó bá rí i lè dà á kọ.

Ìbéèrè: Àlejò ń béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ojú ń tì mí láti sọ pé rárá.

Ẹ má sọ pé rárá. Ẹ tan Wi-Fi àlejò, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí ẹ sì rí i pé kò láyè láti dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín. Nígbà tó bá lọ, ẹ yí i padà. Kò ní já ẹ̀rọ tiyín kankan.